Bí àdúgbò ṣe lè fi owó ìjọba kọ́ ibùdó ṣáàjì ọkọ̀ oníbátìrì tí yóò máa ṣiṣẹ́ lọ

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oní-kẹ̀kẹ́ Márúwá ń béèrè ṣáá: «Ìjọba ti fọwọ́ sí owó ibùdó ṣáàjì fún wa. Ẹ̀rọ wo ni ká rà?» Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rọ sí ìkẹyìn. Kò ṣòro fún owó ìjọba láti ra ẹ̀rọ. Ohun tí kì í sábà rà ni wáyà tó nípọn tó, mítà tó jẹ́ ti ibùdó náà fúnra rẹ̀, àti ẹni tí yóò wá tún un ṣe lóṣù kẹrìnlá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ibùdó ń kú sí.

Àdúgbò ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà la ní lọ́kàn níbí. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni ibùdó kan fún ọ̀kadà 20, kẹ̀kẹ́ 10 àti mọ́tò 2.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: irú owó wo ni?

Owó ìjọba ìbílẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ àkànṣe aṣòfin, méjèèjì sì yàtọ̀ sí owó ìrànwọ́ tó bá gba ọwọ́ REA, àjọ tó ń mójú tó iná ìgbèríko. Ẹ gba ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ní kíkọ sílẹ̀, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu lásán:

- Orúkọ ta ni ilẹ̀ àti ẹ̀rọ yóò wà?
- Ṣé owó ìtọ́jú wà nínú rẹ̀, àbí owó ríra nìkan?
- Ọjọ́ wo ni owó tí a kò bá tíì ná yóò padà sápò ìjọba?
- Ta ni yóò máa ra iná sórí mítà láti ọjọ́ àkọ́kọ́?

Ẹ má fojú kéré ìbéèrè kẹta. Owó tó bá jáde ní oṣù kọkànlá máa ń lé agbaṣẹ́ṣe léré: yóò sáré kó ẹ̀rọ wá nínú páálí kí ọdún ìṣúná tó parí, yóò gbowó rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì wà nínú páálí nítorí pé kò sẹ́ni tó bá ilé-iṣẹ́ iná sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí i pé àkókò ti lọ, ẹ ní kí wọ́n pín iṣẹ́ sí méjì. Lọ́dún yìí, wíwọn iná, kíkọ́ ilẹ̀, rírí wáyà mọ́lẹ̀ àti mítà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rọ.

Bí ìwé iṣẹ́ náà kò bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ̀wé béèrè fún un lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011. Ọjọ́ 7 ni òfin fún ọ́fíìsì ìjọba láti dáhùn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì ti là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 2025 pé òfin náà de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó: ìwé àdéhùn, ìwé iye ohun èlò àti owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti ìwé owó tó ti jáde.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ ka ọkọ̀ tó wà, ẹ má ka èyí tí ẹ ń retí

Ẹ jókòó sí ìdíkọ̀ fún ọjọ́ 3, ọjọ́ ọjà kan kí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ iye ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò oníbátìrì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì báyìí, àti aago tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ wo ara bátìrì wọn. Èyí tí wọ́n kọ 72 V 40 Ah sí lára gba 2.88 kWh, ìyẹn yúníìtì iná tí mítà ń kà: ẹ sọ V (fólítì) di ìlọ́po Ah (áńpíà-wákàtí), kí ẹ fi 1,000 pín in. Bátìrì kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ 60 V 120 Ah gba 7.2 kWh.

Fún àpẹẹrẹ wa, lójúmọ́:

- Ọ̀kadà 20, kWh 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 60
- Kẹ̀kẹ́ 10, kWh 7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 70
- Mọ́tò 2, kWh 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 40
- Àpapọ̀ tó wọ inú bátìrì: 170 kWh

Ẹ̀rọ ṣáàjì máa ń gbóná, ooru yẹn sì jẹ́ iná tí ẹ ti san owó rẹ̀. Ẹ ka ìdá 12 nínú 100 sí òfò. Nítorí náà mítà yóò ka nǹkan bí 193 kWh lójúmọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: ẹ wọn tiransifọ́mà kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ

Bí gbogbo ọkọ̀ yẹn bá so mọ́ iná lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù tí wọn yóò gbé ka iná lórí sún mọ́ 48 kW (kílówáàtì, ìwọ̀n iná tí wọ́n ń fà lẹ́ẹ̀kan náà): ọ̀kadà 20 ní 0.9 kW, kẹ̀kẹ́ 10 ní 1.5 kW, mọ́tò 2 ní 7.4 kW. Bí ẹ bá pín àsìkò fún wọn, 30 kW tó. Lórí iná féèsì 3, 30 kW jẹ́ nǹkan bí 44 A (áńpíà) lórí féèsì kọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ iná yín, yálà Ikeja Electric, Eko, IBEDC tàbí BEDC, pé kí òṣìṣẹ́ wọn wá wọn ẹrù orí tiransifọ́mà láàárín aago 7 sí 10 alẹ́, fún alẹ́ 3. Ọjọ́ Àìkú kí ó wà níbẹ̀, torí ilé kún lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ iná àdúgbò fọwọ́ kan tiransifọ́mà. Ẹ̀mí lè lọ sí i, kò sì bófin mu.
2. Ẹ gba àkọsílẹ̀ féèsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpíndọ́gba kò ràn yín lọ́wọ́, torí féèsì tó wúwo jù ló ń jóná.
3. Tiransifọ́mà 300 kVA lè gbé nǹkan bí 417 A lórí féèsì kan. Ẹ má jẹ́ kí ó kọjá ìdá 80 nínú 100, ìyẹn 334 A. Bí wọ́n bá bá 290 A lórí féèsì tó wúwo jù, 44 A yín wọlé, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Bí wọ́n bá bá 300 A, ẹ má gbé e síbẹ̀.

Bí kò bá gbà, ẹ má sáré ra tiransifọ́mà. Ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn ọ̀nà yìí yẹ̀ wò, èyí tó náni lówó díẹ̀ jù ló wà lókè:

- Kí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà máa ṣáàjì láti aago 11 alẹ́ di 5 ìdájí, nígbà tí iná tí ilé ń lò ti dín kù.
- Ẹ̀rọ tó ń pín iná fúnra rẹ̀, tí kò ní jẹ́ kí ibùdó kọjá 15 kW nírọ̀lẹ́.
- Ilẹ̀ mìíràn tó wà lábẹ́ tiransifọ́mà tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́.
- Pípààrọ̀ bátìrì dípò dídúró ṣáàjì, tí bátìrì ọ̀kadà yín bá jẹ́ irú kan náà.

Tiransifọ́mà tuntun ló kẹ́yìn. Bó bá sì di dandan, ẹ gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ iná lábẹ́ ìlànà NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná, ti ọdún 2015 lórí ohun èlò tí oníbàárà fi owó ara rẹ̀ rà, kí owó tó jáde. Ìlànà yẹn ló sọ bí owó náà ṣe lè padà. Àdúgbò tó bá rà á tán kí ó tó béèrè ìwé ti fi ẹ̀tọ́ náà ṣeré. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Èkìtì, Òǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn ti ní àjọ tiwọn tó ń ṣàkóso iná lẹ́yìn òfin iná ọdún 2023, nítorí náà ẹ béèrè lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú, pàápàá lórí ẹ̀tọ́ láti ta iná fún ẹlòmíràn.

Ẹ wo ìpele iná (Band) yín náà. Ìpele A gbọ́dọ̀ ní iná wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Kẹ̀kẹ́ tó nílò wákàtí 5 kò lè gbójú lé ìpele E.

Ìgbésẹ̀ 3: bí ẹ ṣe máa pín owó

Ìpín tí a gbà pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan:

- ₦35 fún wáyà, kòtò wáyà, pánẹ́ẹ̀lì (àpótí tí a ti ń pín iná), ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó ń darí iná tó bá jò wọ inú ilẹ̀), òrùlé àti ilẹ̀
- ₦30 fún ẹ̀rọ ṣáàjì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì
- ₦10 fún mítà àti síso mọ́ iná
- ₦5 fún àyẹ̀wò ẹnjiníà tí kì í ṣe ti agbaṣẹ́ṣe
- ₦20 fún ìtọ́jú ọdún 2 àti ohun èlò ìpààrọ̀

Bí olówó bá ní òun kò lè san owó ìtọ́jú, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí àtìlẹ́yìn ọdún 2 láti ọwọ́ ẹni tó tà á. Orúkọ ló yí padà, iṣẹ́ náà ló jẹ́.

Ẹ̀rọ ayára-ṣáàjì ńlá, irú 60 kW, ni olóṣèlú máa ń fẹ́ kí wọ́n ya òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kò lè lò ó rárá. Òun nìkan gba iná tó ìlọ́po méjì 30 kW gbogbo ibùdó àpẹẹrẹ wa. Tí pátákó kan bá jó nínú rẹ̀, òkè òkun ni ohun ìpààrọ̀ rẹ̀ sábà máa ń gbà wá. Fún àdúgbò tí ọkọ̀ ibẹ̀ máa ń sùn mọ́jú, sọ́kẹ́ẹ̀tì 30 tó dáa sàn ju ọ̀kan ṣoṣo tó tóbi lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé iye ohun èlò

Ẹ má gba «ẹ̀rọ ṣáàjì àti ohun èlò rẹ̀, 1». Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ báyìí:

1. Sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù 16 A tó ní ìdérí omi, fún kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 A inú ilé ni wọ́n máa ń fi dípò. Ẹ ti mọ bó ṣe ń rí: lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ pọ́lọ́ọ̀gì yóò di aláwọ̀ bíi gúgúrú tó jó, ike ihò rẹ̀ yóò yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ọwọ́ bá sì kàn án lẹ́yìn wákàtí 4, kò ṣeé dì mú. Ibẹ̀ ni ibùdó ti sábà máa ń gbiná.
2. Ẹ̀rọ mọ́tò 7.4 kW, ẹnu Type 2, 32 A. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu mọ́tò tó wà ládùúgbò, torí ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà ní ẹnu GB/T, Type 2 kò sì wọ inú rẹ̀.
3. Wáyà bàbà 6 mm² fún ẹ̀rọ mọ́tò kọ̀ọ̀kan tí kò bá jìnnà ju mítà 20 lọ sí pánẹ́ẹ̀lì. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, 10 mm². Ẹ kọ «bàbà» síbẹ̀, torí wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò wà lọ́jà.
4. RCD (ohun tó ń já iná bí iná bá jò) 30 mA fún ẹnu ṣáàjì kọ̀ọ̀kan. Fún mọ́tò, Type B, tàbí Type A tó ní ìdènà DC (irú iná tó wà nínú bátìrì) 6 mA. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni Type AC. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bí iná DC bá jò láti ara ọkọ̀, ó lè dití, kò ní já nígbà tó yẹ kó já.
5. Ohun tó ń já iná bó bá lọ sílẹ̀ ju 180 V tàbí tó bá ga ju 260 V lọ, tí kì í dá a padà títí ìṣẹ́jú 3 sí 5 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí iná bá dé. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í dúró sójú kan, àsìkò yẹn ló ń pa ẹ̀rọ ṣáàjì.
6. Ẹ́ẹ̀tì tí a wọ̀n, tí kò ju 10 Ω lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ilẹ̀ tútù òjò máa ń jẹ́ kí èsì dára ju bó ṣe rí lọ.
7. Mítà kékeré fún ẹnu ṣáàjì kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí mítà ńlá olówó-ṣáájú tó wà lórúkọ ibùdó. Ẹ má so ibùdó mọ́ mítà alága tàbí ti gbọ̀ngàn ìlú.
8. Bọ́tìnì pupa tó ń pa gbogbo iná, lẹ́nu géètì, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ẹ pín ọ̀kadà 20 sórí féèsì 3 báyìí: 7, 7, 6. Gbogbo ẹnu ṣáàjì kí ó ga tó mítà 1 lórí ibi tí omi òjò ti dé rí. Ẹ bi àwọn àgbà tó ń gbé àdúgbò náà léèrè ibi tí omi dé. Kòtò wáyà kò gbọdọ̀ dín ní 60 cm, pẹ̀lú yanrìn àti téèpù ìkìlọ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé sólà lè ṣe é?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣirò dá agbaṣẹ́ṣe lóhùn. Pátákó sólà 18, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 W, jẹ́ 9.9 kWp (agbára sólà nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa). Ní ìhà tiwa, kWp kan ń mú nǹkan bí 3.5 sí 4 kWh wá lójúmọ́, ó sì máa ń dín kù nígbà òjò. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 38 kWh, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí ibùdó àpẹẹrẹ wa ń jẹ. Kí sólà tó gbé gbogbo rẹ̀, ẹ nílò bíi pátákó 90 àti òrùlé tó fẹ̀ tó 234 m². Oòrùn tún ń ràn lọ́sàn-án, ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ sì ń ṣáàjì lóru, nítorí náà owó bátìrì ńlá tún wà níbẹ̀. Níbi tí iná kò dé rárá, sólà pẹ̀lú pípààrọ̀ bátìrì ni ọ̀nà tó ṣe é ṣe.

Ìgbésẹ̀ 5: agbaṣẹ́ṣe àti bí owó ṣe ń jáde

Òfin ríra nǹkan ìjọba ti ọdún 2007 ní kí owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìdúró báńkì (ìwé tí báńkì fi ṣe onídùúró) tàbí ti ilé-iṣẹ́ adójútòfò lẹ́yìn. Èyí de iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ béèrè ohun kan náà bí owó bá ti ìpínlẹ̀ tàbí ìbílẹ̀ wá. Ètò tí a dábàá nìyí:

1. Ìdá 15 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, lórí ìdúró báńkì.
2. Ìdá 35 lẹ́yìn tí ẹnjiníà yín bá ti rí wáyà àti ẹ́ẹ̀tì nínú kòtò, kí wọ́n tó bò ó. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú rúlà nínú kòtò.
3. Ìdá 30 lẹ́yìn tí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń yẹ ààbò iṣẹ́ iná wò, bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí iná sì ti tàn.
4. Ìdá 10 lẹ́yìn ọjọ́ 30 tí ibùdó ti ṣiṣẹ́.
5. Ìdá 10 lẹ́yìn oṣù 12.

Nínú àdéhùn, ẹ kọ iye àkókò tí ibùdó gbọ́dọ̀ fi máa ṣiṣẹ́. Amẹ́ríkà béèrè ìdá 97 nínú 100 fún ẹ̀rọ tí owó ìjọba àpapọ̀ wọn kọ́. Gẹ̀ẹ́sì béèrè 99 fún àwọn ẹ̀rọ ayára-ṣáàjì tí gbogbo èèyàn ń lò. Fún wa, ẹ ka wákàtí tí iná wà nìkan. Bí iná bá wà fún wákàtí 300 lóṣù, ìdá 97 túmọ̀ sí pé ẹnu ṣáàjì kan kò gbọdọ̀ bàjẹ́ ju wákàtí 9 lọ. Ẹ fi ohun kékeré tó ń ṣàkọsílẹ̀ iná sínú pánẹ́ẹ̀lì. Láìsí i, gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ ni wọn yóò máa sọ pé «NẸ́PÀ ni».

Lọ́jọ́ tí ẹ máa gba iṣẹ́

☐ Ẹ tẹ bọ́tìnì ìdánwò orí RCD kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn já
☐ Ìwé NEMSA, ìwé ẹ́ẹ̀tì àti àwòrán ọ̀nà wáyà wà lọ́wọ́ akọ̀wé
☐ Ọkọ̀ so mọ́ gbogbo ẹnu fún wákàtí 2. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbóná
☐ Kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe nìkan
☐ Ohun ìpààrọ̀ wà nílẹ̀: sọ́kẹ́ẹ̀tì 4, RCD 2, okùn Type 2 kan
☐ Ibi tí a ó kó bátìrì tó wú tàbí tó ya sí wà níta, ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti epo

Iye tí ẹ máa ta á

«Ti ìjọba ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.» Ẹ kọ̀ ọ́, àní bó bá jẹ́ alága ló sọ ọ́. Ẹ wo ìṣirò yìí, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní iná jẹ́ ₦210 fún kWh kan. Òfò ìdá 12 sọ ọ́ di nǹkan bí ₦239. Òṣìṣẹ́ 2 ní ₦90,000, ìmọ́tótó àti dátà ₦20,000, àpò àtúnṣe ₦150,000: ₦350,000 lóṣù. Bí gbogbo ọkọ̀ bá wá fún ọjọ́ 26, ẹ ó ta 4,420 kWh, ìyẹn ₦79 lé ₦239, ₦318. Bí ìdajì bá wá, ẹ ó ta 2,210 kWh, ìyẹn ₦158 lé e, ₦397.

Iye ìdajì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá pọ̀ sí i, ẹ dín in kù. Èèyàn máa ń gba ìdínkù tayọ̀tayọ̀ ju àfikún lọ. Ẹ kọ iye kWh kan sára ògiri, kì í ṣe «ṣáàjì kan», torí bátìrì tó ṣófo àti èyí tó kù díẹ̀ kó kún kò lè san iye kan náà. Owó àtúnṣe kí ó ní àkáǹtì tirẹ̀, pẹ̀lú ẹni 3 tó ń fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ awakọ̀.

Bí owó bá kéré gan-an

Ẹ ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 A mẹ́fà péré, lábẹ́ òrùlé kan, pẹ̀lú mítà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ri ọ̀pá tí wáyà máa ń gba inú rẹ̀ kọjá mọ́lẹ̀ fún 30, kí ẹ sì ra pánẹ́ẹ̀lì tó ní àyè fún 30. Gbígbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló ń gbówó lórí. Ẹ máa kọ iye kWh sílẹ̀ lóṣooṣù láti oṣù àkọ́kọ́. Bí oṣù 6 bá pé, ìwé yẹn ni kí ẹ mú lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ fún owó ìyókù.